Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Ń Jà

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ so ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, okùn àwọ̀n ló sì fi so ó. Ọmọ ọdún méjìlá ni mo wà. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo jẹ nílé rẹ̀ ló fà á.

Zion Pẹpẹ ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé onípákó tí a kọ́ sórí òpó lójú omi. Apẹja ni bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ lé e lọ wo àwọ̀n, bí a bá sì ti wọ ọkọ̀, apá òsì ló máa ń ní kí n gbé àjẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni agbára mi wà. Kò fìgbà kan pe ọwọ́ mi ní àléébù. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Bí apá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti ń wa ọkọ̀, ojú kan náà ni ọkọ̀ yìí yóò máa pòyì sí." Àwàdà ló fi ń ṣe, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń rò nìyẹn.

Nígbà tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán mi lọ sí Araromi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kí n lè wọ ilé ìwé girama. Ìyá ni mo ń pè é, bí gbogbo ọmọ ilé ṣe ń pè é. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín ti pọ́n ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í sinmi. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù. Ó fún mi ní ibi tí mo sùn sí, ó rán aṣọ ilé ìwé fún mi, bí ibà bá sì mú mi, òun ló máa ń jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé púpurú àti ọbẹ̀ màrúgbó síwájú mi, tí mo na ọwọ́ òsì sí i, ńṣe ló gbá ọwọ́ náà bí ẹni ń gbá eṣinṣin.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

N kò mọ èsì tó ń fẹ́. "Ọwọ́ mi ni, Ìyá."

"Ọwọ́ tí wọ́n fi ń nu ìdí lo fẹ́ fi jẹun nínú ilé mi? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ fẹ́ fi bu òkèlè!"

Láti ọjọ́ kejì, bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, yóò mú okùn àwọ̀n, yóò so ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi. Okùn náà tín-ín-rín, ó sì le. Ìgbà mìíràn ó máa ń wọ ara lọ. Bí mo bá jẹun tán, á tú u, á sì fi àdín ra ojú ibi tó ti há mi. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí jù. Ó mọ̀ pé ó ń dùn mí. Bí kò bá mọ̀ ni, ǹ bá ti dárí jì í tipẹ́.

Ní ilé ìwé, tíṣà kan wà tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rúlà lu eegun ọwọ́ mi bí mo bá fi òsì di báírò mú. "Òsì, òṣì, ọ̀rọ̀ kan náà ni," ló máa ń sọ, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Tíṣà tó ń kọ́ni ní Yorùbá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún onírúlà náà? Mo fi ọ̀tún kọ́ ìwé kíkọ lákọ̀tun, títí dòní ìwé mi rí bí ipasẹ̀ akàn lórí iyanrìn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo wà nígbà tí ọkùnrin kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà padà wá sílé ní Araromi. Ó bá ilé bàbá rẹ̀ tí òkun ti gbé iwájú rẹ̀ lọ. Yàrá méjì lẹ́yìn ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú gbọ̀ngàn kan tí ògiri rẹ̀ ti wó, tó fi jẹ́ pé bí o bá dúró láàárín rẹ̀, ìgbì ni wàá máa wò. Ó gbá iyanrìn kúrò níbẹ̀, ó rọ àkísà àti iyanrìn kún àpò kan, ó fi í kọ́ sára igi àjà, ó sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjà ẹ̀ṣẹ́. Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi, ìjà ni mò ń jà. Mo wà létí òkun níbi tí a ti máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tó bá ń gúnlẹ̀. Géńdé kan tì mí kúrò níbi tí mo dúró sí. Ó ní kí ọlọ́wọ́ òsì lọ dúró sẹ́yìn kí n má baà fi oríburúkú kó bá ẹja. N kò ronú rárá. Ọwọ́ òsì náà ló dá a lóhùn. Ó jókòó gbàà sórí iyanrìn, ó ń wò mí bí ẹni tí òjò bá lójijì lábẹ́ oòrùn.

Kóòṣì rìn wá, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó tẹ̀ lé mi délé. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ibo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí obìnrin tí yóò bímọ lọ́la máa gba ẹ̀ṣẹ́ síkùn. Kóòṣì kò bá a jiyàn púpọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ìyá, ọmọ yìí á jà, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jà níbi tí mo ti lè rí i." Ẹ̀rín mú Ìyá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó gbà.

Báyìí ni mo ṣe wọ gbọ̀ngàn náà, tí inú mi dùn, nítorí mo rò pé mo ti rí ibì kan lórí ilẹ̀ yìí tí wọ́n ti nílò ọwọ́ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Kóòṣì ní kí n dúró bí ẹni tó fẹ́ jà. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú, mo fa òsì sẹ́yìn sí ẹ̀bá àgbọ̀n mi. Ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti ẹsẹ̀ mi.

"Yí i padà. Ẹsẹ̀ òsì níwájú. Ọwọ́ òsì níwájú. Ọ̀tún ni wàá fi sẹ́yìn, ibẹ̀ lagbára wà."

"Agbára tèmi kò sí níbẹ̀, Kóòṣì."

"Yóò lọ síbẹ̀."

Àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ ní orúkọ fún ẹni tó bá ń dúró bí mo ṣe dúró lọ́jọ́ náà. Sáúpọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó wà káàkiri ayé, àwọn kan sì ti fi gba ìgbànú abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. N kò mọ̀ nígbà náà pé ó ní orúkọ. Mo rò pé èmi nìkan ni.

Odidi ọdún méjì ni mo fi dúró lọ́nà tí kì í ṣe tèmi. Bí mo bá gbàgbé, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá yọ́ wá síwájú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ Kóòṣì tó máa fi nà mí ní orúnkún. Mo ja ìjà mẹ́rin láàárín ọdún méjì náà, ní Igbókòdá àti ní àwọn ìlú òkè, mo sì pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ ọ̀tún mi yóò jáde láti ẹ̀yìn bí àlejò tí kò mọ ilé, yóò pẹ́, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹni tí mò ń bá jà. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó wá wo ìran ní mò ń jà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Kò mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé lòun sọ.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kò ju ẹ̀gún ẹja lọ. Mò ń bá Ìyá to ẹja sórí wáyà tí a fi ń yan án, ni ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún bá gún mi wọlé ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà wú, Ìyá sì fi aṣọ wé e. Ní ọjọ́ kejì mo ṣì lọ sí gbọ̀ngàn. Kóòṣì ti lọ sí Igbókòdá, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Òsì nìkan ni mo lè fi kan àpò. Mo kọ́kọ́ fi í kàn án láti iwájú bó ṣe kọ́ mi, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna. Nígbà tó yá, mo wẹ̀yìn wò. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Mo fa òsì sẹ́yìn, mo yí ìbàdí, mo sì jẹ́ kó lọ.

Àpò náà fò. Igi àjà dún. Ojú rírán àpò là, iyanrìn sì ń dà sórí ẹsẹ̀ mi. Mo tún gbé e lọ, mo tún gbé e lọ, títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi, kí n tó mọ̀, omi ti ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀. Inú ló ń bí mi. Ọdún méjì! Ọdún méjì tí mo ti ń jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn tí mo lè nà!

Kóòṣì ti padà dé, n kò gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo sọ fún ọ pé kí o má ṣe…"

"Ẹ sọ fún mi, Kóòṣì. Ìyá sọ fún mi. Tíṣà sọ fún mi. Gbogbo yín lẹ sọ fún mi. Ohun tí ẹ sọ fún mi ni mo fi pàdánù ìjà mẹ́rin. Ṣebí ọwọ́ yìí lẹ rí létí òkun kí ẹ tó pè mí? Kí ló dé tí ẹ wá mú un, tí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀?"

N kò tíì bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Dípò ìyẹn, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan tó jábọ́ lára ògiri, ó sì ń wo àpò tó là.

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọlọ́wọ́ òsì ni," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ní bárékè, ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì láàárín wa, wọ́n á yí i padà ni. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má bà ọ́ jẹ́."

"Ẹ ti bà mí jẹ́ ná, sà."

Ó wò mí, ó sì mi orí. Kò bẹ̀ mí. Àwọn ọkùnrin ọjọ́ orí rẹ̀ kì í bẹ ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti fi ẹ̀fun ya ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ gbọ̀ngàn, ọ̀tún níwájú, òsì lẹ́yìn, ó sì ti rán àpò náà. Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì la jọ ń kọ́ ọ. Ó máa ń dúró kojú sí mi bí òjìji inú dígí, kí n lè máa ṣe bó ṣe ń ṣe. Ó máa ń wo ìjà àwọn ọlọ́wọ́ òsì lórí fóònù, á pè mí, á ní, "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀, má wo ọwọ́." Ẹsẹ̀ ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tó wà níwájú bá ti wà ní ìta ẹsẹ̀ òsì ẹni tí mò ń bá jà, ọ̀nà ti là gbọọrọ fún ọwọ́ òsì mi láti àárín, tirẹ̀ kò sì ní rí mi. Oṣù méje la fi ṣe é lórí iyanrìn, nítorí iyanrìn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ purọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ kan kéde ìdíje tí wọ́n fẹ́ fi yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa nínú ìdíje ńlá níta. Ìlú kan lókè ni wọ́n ti ṣe é. Èmi àti Kóòṣì wọ ọkọ̀, a dé ibẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ òkun lára aṣọ wa. Ọmọbìnrin tí wọ́n pín mi mọ́ ní ìjà àṣekágbá ga jù mí lọ, ará ìlú òkè ni, òun ni gbogbo ènìyàn sì ti fojú sí pé yóò lọ. Nígbà tí agogo dún tí mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Kò tíì bá irú mi jà rí. Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ wá, n kò sí níbẹ̀. Ó tún gbé e wá, ọwọ́ òsì mi ti gba àárín lọ bá a ní imú. Ní abala kejì ó di ọwọ́ mọ́ ojú, mo fi ọ̀tún kàn án níwájú orí, orí náà le bí ọ̀pá ọkọ̀, mo sì gbọ́ nǹkan tó dún nínú ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ti lọ. Òsì nìkan ni mo fi ja abala kẹta. Gbogbo àwọn adájọ́ ló fún mi.

Ọkùnrin tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ aṣàyàn fúnra rẹ̀ dìde pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì tó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ rí ọwọ́ òsì yẹn? Ẹ rí i?"

Kò tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà. Kóòṣì ti tú aṣọ tí a fi di ọwọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, Kóòṣì sì ti rì í sínú garawa omi yìnyín. Wọ́n pè mí sídìí tábìlì kí n wá gba fọ́ọ̀mù. Mo kúnlẹ̀ kí alága. Ó na ìwé sí mi. Mo gbé ọ̀tún, àwọn ìka náà kọ̀, wọn kò pa dé. Mo wá sọ ohun tí gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń sọ, "Ẹ má bínú sí òsì o, sà," mo sì na ọwọ́ òsì.

Ó fa ìwé náà sẹ́yìn.

"Ṣé èmi lò ń na ọwọ́ òsì sí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló…"

"Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni a fẹ́ kó lọ síta kó lọ dójú tì wá?"

"Ẹ wo ọwọ́ náà, sà." Mo gbé e sókè, omi ń kán láti ibẹ̀. Kò wò ó. Bó bá wo ọwọ́ náà ni, kò sí ohun tó kù láti sọ, ìdí nìyẹn tí kò fi wò ó. Ó mú báírò, ó fa ìlà kọjá lórí orúkọ mi, ó sì kọ ti ọmọbìnrin tí mo nà sí abẹ́ rẹ̀.

Kóòṣì sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkùnrin tó ti wọ aṣọ sójà, tí irun rẹ̀ ti funfun, ló dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n bẹ̀bẹ̀, kí n ní mo jẹ̀bi. Mo ní, "Mo ti kúnlẹ̀, Kóòṣì. Mo ti tọrọ àforíjì kí n tó na ọwọ́. Ẹ̀bi wo ni mo jẹ?" Wọ́n pe orúkọ tó kàn.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa padà sílé, Kóòṣì ní bóyá ká ní mo bẹ̀bẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo kọ ẹ̀yìn sí i títí a fi gúnlẹ̀. Kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tó dọ̀bálẹ̀ lé yẹn kò kúrò lójú mi.

Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo sọ fún ọ. Láti ọjọ́ tí o ti dé ni mo ti sọ fún ọ." Ó gbé oúnjẹ wá. Mo fi ọwọ́ òsì mú òkèlè àkọ́kọ́, mo sì wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń gbé e mì. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń jẹun nílé náà. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ ọ̀tún mi tí a fi igi dì. Ó dìde, ó lọ yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ ọwọ́ sí mi mọ́.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, mo wà ní gbọ̀ngàn, ni mo rí ọmọbìnrin gíga náà tó ń bọ̀ lórí iyanrìn, tó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Òun tí wọ́n rán lọ ní ipò mi. Ìrìn àjò ojú omi ti dà á láàmú, ojú rẹ̀ ti ṣú, aṣọ rẹ̀ ti tutù látòkèdélẹ̀. N kò kí i. Òun ló kí mi.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni mo bi í.

"Wọ́n nà mí níbẹ̀," ó ní. "Ìjà àkọ́kọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni. N kò rí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń bọ̀. Bí ti ọjọ́ tí ìwọ nà mí ló rí gẹ́lẹ́." Ó nu ẹnu. "Mo fẹ́ kí o kọ́ mi bí mo ṣe lè bá yín jà."

Ẹ gbọ́ mi o. Ó gba ipò mi, ó lọ fi pàdánù, ó wá gba ọ̀nà omi wá bá mi pé kí n kọ́ òun! Inú mi ru débi pé mo rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ tí wọ́n fa igi lé orúkọ mi, níbo lo wà?"

"Mo wà lẹ́yìn rẹ. Mo rí ọwọ́ rẹ."

"O rí i, o sì lọ."

"Mo lọ." Kò gbé ojú sá fún mi. "Bàbá mi ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà pé mo ń lọ. Mo mọ̀ pé ipò rẹ ni. Mo sì lọ. N kò ní purọ́ fún ọ."

Bó bá purọ́ ni, ǹ bá lé e padà sínú ọkọ̀ tó gbé e wá. Mo ṣì fi í sílẹ̀ lójú oòrùn títí mo fi parí ohun tí mò ń ṣe lára àpò. Lẹ́yìn náà mo ní kó bọ́ sórí ẹ̀fun, kó wo ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé Ìyá. Mo nà án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo nà án lọ́jọ́ kejì, kì í sì í ṣe fún ẹ̀kọ́ nìkan, mo jẹ́wọ́ ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sí ìta tèmi, ó fi ọ̀tún bà mí lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Ó dúró, ẹ̀rù bà á. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Kó tó lọ, mo ní kó kọ ohun tó rí lọ́jọ́ tí wọ́n fa igi lé orúkọ mi sínú ìwé, kó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà. Ó kọ ọ́ níwájú mi, ó fọwọ́ sí i. Kóòṣì náà kọ tirẹ̀. A retí èsì títí. Èsì kankan kò wá, wọn kò tilẹ̀ sọ pé àwọn rí ìwé gbà.

Nígbà tí ìdíje mìíràn dé lọ́dún kejì, mo rò pé èmi àti òun ni yóò tún kojú ara wa. Mo dé ibẹ̀, mo rí i pé ó ti forúkọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó wúwo ju tèmi lọ. Ó ní púpurú Ìyá ló sọ òun di bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ nínú, ó ní, "N kò fẹ́ kí wọ́n tún rí àyè fi èmi rọ́pò rẹ." Mo borí, òun náà borí. Alága náà ṣì jókòó sórí àga rẹ̀. Akọ̀wé ló gbé fọ́ọ̀mù fún mi, alága fúnra rẹ̀ ń wo ojú fèrèsé.

Èmi àti ọmọbìnrin gíga náà jọ lọ. Mo ja ìjà mẹ́ta níbẹ̀, mo borí nínú méjì, mo ṣe ipò kẹta, mo sì gba àmì ẹ̀yẹ bàbà kan tó wà lára ògiri Ìyá báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kàn án síbẹ̀, òun ló sì máa ń fi han àwọn tó bá wá ra ẹja. Kò sọ ọwọ́ tí mo fi gbà á.

Lójú ọ̀nà nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọbìnrin gíga náà jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Ó bi mí bóyá inú mi ti rọ̀ báyìí lórí ọ̀rọ̀ alága náà. Mo ronú sí i dáadáa, nítorí kò bi mí pẹ̀lú ẹ̀tàn.

"Rárá," mo ní. "Ẹni tó ṣe é kò tíì sọ pé òun ṣe é."

Ó mi orí, ó sì ṣí fèrèsé, nítorí ooru mú.